Ìmọ̀ràn: pípín àwòrán tí a trace sí àwọ̀ mẹ́rin fún sítíkà ọkọ̀

ỌmọKubwa
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo trace àwòrán ẹyẹ idì (mo sọ ọ́ di ìlà tí ẹ̀rọ lè gé) ní Inkscape, sọ́fúwià ìyàwòrán, fún ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì, 40 cm ní ìbú. Dúdú, pupa, yẹ́lò àti funfun ni oníbàárà fẹ́. Àwọ̀ tó ń jáde pọ̀ jù, àlàfo tín-ín-rín sì máa ń yọ láàárín àwọ̀ kan sí èkejì tí mo bá lẹ̀ ẹ́ tán. Báwo lẹ ṣe máa ń tò ó? Plotter (ẹ̀rọ tó ń gé sítíkà) oní-60 cm ni mo fi ń gé e.

BàbáSítíkà_Jos
Ní Trace Bitmap, bọ́ sí Multicolor, yan Colors, fi Scans, ìyẹn iye àwọ̀ tó máa yọ, sí 6. Má fi sí 4, torí yẹ́lò ojú ẹyẹ kéré, ó lè wọnú pupa lọ. Mú Stack. Stack ló ń jẹ́ kí àwọ̀ ìsàlẹ̀ gba abẹ́ tòkè kọjá. Bí o bá yọ ọ́, etí á kàn máa kan etí, ọwọ́ á yẹ̀ díẹ̀ nígbà lílẹ̀, ara ọkọ̀ á yọjú. Ó jọ pé ibẹ̀ ni àlàfo rẹ ti ń wá.

Sún Speckles, tó ń yọ ẹ̀kán kéékèèké kúrò, sókè kí àwọn ẹ̀kán tó kéré ju orí ìṣáná lọ má wọlé, torí wọn kì í pẹ́ lára ọkọ̀. Pupa méjì tó bá jọra, kùn wọ́n ní àwọ̀ kan náà, kí o sì Union wọn (so wọ́n di ẹyọ kan). Tí o bá fo ìyẹn, bíléèdì á gé àárín ohun tó yẹ kó jẹ́ ẹyọ kan. Simplify, ìyẹn mímú ìlà rọrùn, lẹ́ẹ̀kan tó. Ẹ̀ẹ̀kejì á sọ ṣónṣó ìyẹ́ di rìbìtì.

ÀǹtíPlotter_Kaduna
Ẹ̀gbọ́n Jos, ẹ ṣeun, àmọ́ mi ò ní fi Stack sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ délẹ̀ fún ọkọ̀. Oracal 651, ike sítíkà tí a ń gé, nípọn tó 0.063 mm; mẹ́rin lórí ara wọn ti di 0.25 mm, fóòmù àwọn afọkọ̀ á sì máa ká etí rẹ̀ sókè. Àbúrò, fi dúdú sílẹ̀ ní odindi níbi tí ohun kéékèèké bá gùn ún. Lábẹ́ pupa tó fẹ̀, gbẹ́ dúdú kúrò, kí o sì ṣẹ́ 1 mm kù tí pupa á gùn.

Bó ṣe rí nìyí: ní Preferences, Behavior, Steps, fi Inset/Outset sí 1 mm. Ctrl+D lórí pupa, Inset ẹ̀dà yẹn lẹ́ẹ̀kan (etí rẹ̀ á wọlé ní 1 mm), yan òun àti dúdú, kí ẹ̀dà wà lókè, Difference, tó máa gé àyè ẹ̀dà kúrò lára dúdú. Pupa gan-an ò yí padà.

Yẹ́lò nìkan ni mo bẹ̀rù. Yẹ́lò olówó pọ́ọ́kú lórí dúdú máa ń dọ̀tí lójú, àfi kí o gbẹ́ dúdú abẹ́ rẹ̀ náà.

NyanyaCut
Kí ẹ má gbàgbé àmì o. Ya onígun mẹ́rin 1 cm méjì, lápá òsì àti ọ̀tún, síta àwòrán. Ṣe ẹ̀dà wọn sínú àwọ̀ kọ̀ọ̀kan láìsún wọn. Àmì lórí àmì ni wàá fi máa lẹ̀ ẹ́, wàá wá ṣí wọn dànù.

Kí o tó gé, wọn ìbú rẹ̀ nínú sọ́fúwià plotter. Inkscape ń ka 96 píksẹ́lì sí íǹṣì kan, àwọn mìíràn ń ka 72, torí náà 40 cm lè di 53.3 cm. Róòlù rẹ gbà á, o ò sì ní fura títí wàá fi gé e tán.

ỌmọKubwa
Ẹ ṣeun gan-an. Funfun ńkọ́? Bọ́ọ̀sì náà funfun ni.

ÀǹtíPlotter_Kaduna
Bí ọ̀dà rẹ̀ bá ṣì mọ́, má gé funfun rárá. Gbẹ́ ihò sí dúdú, kí ara ọkọ̀ hàn. Bí ó bá ti ṣú, gé funfun fún ojú ẹyẹ nìkan.

BàbáSítíkà_Jos
Àsìkò ọyẹ́ rèé, fi sípírítì nu ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì, kí o lẹ̀ ẹ́ ní òwúrọ̀ lábẹ́ ibòòji. Lórí irin tó gbóná, gọ́ọ̀mù á dì mú ún kí o tó tò ó dáadáa, bí o bá sì fà á, ó ti nà nìyẹn, àmì rẹ ò ní bára wọn mu mọ́. Pa dúdú mọ́lẹ̀ dáadáa kí o tó gbé pupa lé e. Atẹ́gùn tó bá há sábẹ́ àwọ̀ àkọ́kọ́, o ò ní lè lé e jáde mọ́.