Ẹgbẹ́ ayanẹja wa ní Ẹ̀pẹ́: ṣé ká máa dá owó ìjàm̀bá iná fúnra wa, àbí ká lọ bá adójútòfò (oníìnṣọ́ránsì)?

Akọ̀wé Ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa tí ń yan ẹja. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí a ti ń dá ₦200 lọ́jọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, ká lè fi ran ẹni tí àjálù bá dé bá. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, àrò ẹnì kan gbaná. Iná fò mọ́ ti ẹni tó múlé tì í, ọ̀pá, tápólì, agbọ̀n ẹja mẹ́ta tí wọ́n ti yan tán, gbogbo rẹ̀ di eérú. Ẹni àkọ́kọ́ gba ₦150,000. Nígbà tó kan èkejì, ₦38,000 ló kù nínú àpótí. Àwọn méjèèjì ò kí ara wọn mọ́.

Ọmọkùnrin kan tí ń ta ìnṣọ́ránsì ní ká wá ṣe é lápapọ̀, kí ẹgbẹ́ máa gbowó. Àwọn àgbà wa ní owó tó bá lọ síbẹ̀ ti wọgbó. Kí ni ká ṣe?

Bọ̀dá Káfíńtà, Ìkòròdú:
Bíi tiwa ló rí. Ojú kan náà ni gbogbo wa wà, pákó kọjú sí pákó. Iná kì í mú ẹnì kan. Ẹni mẹ́wàá tó jóná lọ́jọ́ kan náà, ta ni yóò dáwó fún ta ni? Àwa fi ìsìnkú àti àìsàn sílẹ̀ fún àpótí ẹgbẹ́. Ti iná la gbé lọ fún adójútòfò.

Àǹtí Àgbádárìgì:
Mo ṣiṣẹ́ adójútòfò rí. Kí ẹgbẹ́ máa dáwó fún ara wọn kì í ṣe nǹkan tuntun. Ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1752, Benjamin Franklin àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá irú rẹ̀ sílẹ̀ nítorí iná. Wọ́n á yẹ ilé ẹ wò kí wọ́n tó gbà ọ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn ò gba ilé tó nígi níwájú mọ́. Àwọn tó fẹ́ràn igi wọn bá lọ dá tiwọn ní 1784! Ẹ̀yin ńkọ́, ta ló yẹ àrò yín wò kó tó gbowó?

Àwọn adójútòfò alájọni wọ̀nyí, tó jẹ́ pé àwọn tó ń dáwó ló ni ín, náà ní ẹgbẹ́ tiwọn. ICMIF ló kó ti àgbáyé jọ láti 1922. Bí àwọn ńlá bá ń wá ẹni tí wọn yóò fẹ̀yìn tì, ẹ̀yin ẹlẹ́ja ńkọ́?

Olówó Ọjà:
Ẹ ṣọ́ra fún akápò o. Láti oṣù kìíní ọdún 2013, òfin NAICOM, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń bójú tó àwọn adójútòfò, ni pé bí a ò bá tíì san owó fún adójútòfò, kò sí ààbò. Bó bá gbowó lọ́wọ́ ogójì èèyàn, tó tọ́jú ẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì di ọ̀sẹ̀ kejì, tí iná wá sọ, ẹgbẹ́ ni wọn yóò bá jà. Kí rìsíìtì wà, kí orúkọ oníkálukú wà níbẹ̀. Kẹ́ ẹ sì béèrè ìwé àṣẹ NAICOM lọ́wọ́ ọmọkùnrin yẹn.

Alhaja:
Bó bá jẹ́ ríbà, ìyẹn owó èlé, ló ń ba àwọn àgbà lẹ́rù, takaful, ìdójútòfò ní ìlànà Ìsìláàmù, wà, NAICOM sì mọ̀ ọ́n.

Akọ̀wé Ẹlẹ́ja:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ka ọ̀rọ̀ Bọ̀dá Káfíńtà sétí àwọn àgbà. Ẹni tó gba ₦38,000 ló kọ́kọ́ ní ká lọ bá adójútòfò. Lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, a ó ka àrò. Mélòó ló wà lábẹ́ tápólì kan náà? Èmi akọ̀wé gan-an ò mọ̀.