Ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò: ohun tí etí mi gbọ́ lára Porsche 911 GT3 ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mo ti ka ìrírí àwọn tó kọ̀wé ṣáájú mi níbí lórí oríṣiríṣi ọkọ̀ tọ́bò tí wọ́n ti wà (tọ́bò ni fáànù tó ń ti atẹ́gùn wọ inú ẹ́ńjìnnì), mo sì gbádùn wọn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹnì kan sọ̀rọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì tó ń fi imú ara rẹ̀ mí, nítorí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ti ń tán lọ. Mẹ́káníìkì ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ̀bá Ìbàdàn Gáréèjì ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Sàgámù ni mo ti kọ́ṣẹ́, láàrin àwọn tírélà. Ọ̀gá mi a máa gbé ẹnu sukudiráfà gígùn kan lé ẹ́ńjìnnì, á fi ìdí rẹ̀ sí etí, á sì sọ fún mi pé tápẹ́ẹ̀tì kẹta, irin tó ń ti fáàfù ṣí, ló ń ké. Etí ni wọ́n fi kọ́ mi níṣẹ́, etí yẹn náà ni mo fi ń jẹun títí di òní.

Ní ọdún 2024, ní ọjọ́ kejì Ojúde Ọba, Alájì kan tí mo ti ń tọ́jú ọkọ̀ wọn láti ìgbà tí wọ́n ń wa Kámúrì pè mí láàárọ̀. Èkó ni wọ́n ń gbé, ọdún Iléyá ló gbé wọn wálé.

“Ọ̀gá mẹ́káníìkì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi wo táyà ẹ̀yìn kan, ó ń jò.”

“Alájì, ṣé jíìpù yẹn ni?”

“Rárá o. Ẹ ṣáà máa bọ̀, kí ẹ sì mú fọkanáísà dání.”

Nígbà tí a dé agbolé wọn ní Mọ́lípa, Porsche 911 GT3 funfun, ọkọ̀ eré ìje tí wọ́n ń wà lójú títì, la bá níbẹ̀, irú èyí tó jáde ní 2021, ó sún mọ́ ilẹ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ fi àyà fà. Ọmọkùnrin fọkanáísà tí mo mú lọ mọṣẹ́ dáadáa. Ó mú sípánà wíìlì rẹ̀ jáde, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì dúró sójú kan. Nọ́ọ̀tì márùn-ún tó ń wá kò sí níbẹ̀. Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, tó fẹ̀ bí ẹnu ife, ló wà ní àárín wíìlì náà. Ó wo ojú mi, èmi náà wo ojú Alájì. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá nọ́ọ̀tì náà mu wà nínú búùtù, ṣùgbọ́n sọ́kẹ́ẹ̀tì nìkan kò tó, nítorí 600 Nm (Nm ni a fi ń wọn bí a ṣe ń di nọ́ọ̀tì le tó) ni wọ́n ní kí a fi dì í. Nọ́ọ̀tì ọkọ̀ kékeré tí à ń wà lójoojúmọ́ kì í sábà ju 100 sí 130 lọ. Níbo ni ènìyàn yóò ti rí tọ́ọ̀kì sípánà tó lè ka 600 láàárọ̀ ọjọ́ ọdún? Àwọn tírélà ni mo rántí, nítorí nọ́ọ̀tì wíìlì tírélà náà ń gba nǹkan bí 600. Mo pe ẹnì kan tí a jọ kọ́ṣẹ́ ní Sàgámù, ó sì fi ọ̀kadà gbé tirẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Báyìí ni irin iṣẹ́ tí a fi ń di táyà ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì ṣe di èyí tí a fi di táyà ọkọ̀ eré ìje.

Alájì jókòó sínú ọkọ̀, wọ́n tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ kí wíìlì má baà yí. A fi gírísì pa ojú nọ́ọ̀tì, a dì í dé 600, a tú u padà díẹ̀, a tún dì í dé 600. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ ni pé ní pápá ìdíje, àwọn tó ń pààrọ̀ táyà kò ní àkókò láti máa tú nọ́ọ̀tì márùn-ún. Bí wọ́n ṣe ro gbogbo ọkọ̀ náà nìyẹn: pápá ni wọ́n kọ́kọ́ rò, lẹ́yìn náà ni wọ́n tó rántí títì.

Kí a tó dá wíìlì padà, mo bẹ ibẹ̀ wò dáadáa. Àwo bíréèkì iwájú ọkọ̀ yìí fẹ̀ tó 408 mm. Ríìmù 15 tó wà lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wa kò tó 390 mm, ìyẹn ni pé àwo bíréèkì rẹ̀ nìkan kò lè wọ inú ríìmù ọkọ̀ mìíràn. Ohun tó wù mí jù ni ẹsẹ̀ iwájú. Nínú àwọn 911 tó ṣáájú rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì ló ń ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀: òun ló ń gba gbọ̀ngbọ̀n ọ̀nà, òun náà ló tún ń di wíìlì mú kí ó dúró ṣánṣán. Nínú GT3 ti 2021, apá méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ló di wíìlì mú, ṣọ́ọ̀kì sì bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ kejì. Bí ọkọ̀ bá tẹ̀ lórí kọ́nà, táyà náà kò ní tẹ̀ tẹ̀lé e, ó máa fi gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ di ilẹ̀ mú.

Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sí ẹ́ńjìnnì, nítorí òun gan-an ló gbé mi dé ibí. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà tó láti mọ Fọ́kìsìwágìnnì Ìjàpá yóò rántí pé ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, àti pé ńṣe ni sìlíńdà rẹ̀ sùn sílẹ̀ gbalaja. Ferdinand Porsche ló ṣe ètò ọkọ̀ yẹn, ẹ̀jẹ̀ náà kò sì tíì kúrò lára 911. Sìlíńdà mẹ́fà ló wà nínú GT3, mẹ́ta sùn sápá ọ̀tún, mẹ́ta sùn sápá òsì, gbogbo wọn sì rọ̀ sẹ́yìn kọjá ibi tí táyà ẹ̀yìn wà. Lítà 4 ni, kò ní tọ́bò. Agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 510, ṣùgbọ́n ìgbà tó bá ń yí ní ìgbà 8,400 ní ìṣẹ́jú kan ló ń pé, ó sì lè yí dé 9,000 kí kọ̀ǹpútà tó dá a dúró. Ẹ rò ó wò: ìgbà 150 ni písítìn kọ̀ọ̀kan ń lọ tó sì ń bọ̀ láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo.

Àwa tí a kọ́ṣẹ́ lára tírélà kì í ṣe ọ̀tá tọ́bò. Èéfín tó ń jáde lọ ló ń yí fáànù rẹ̀, fáànù náà á sì máa fi tipátipá ti atẹ́gùn wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ó dára fún ẹrù wúwo, ó sì ń mú agbára wá láti ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n èéfín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pọ̀ kí fáànù tó yí dáadáa, nítorí náà ìdúró díẹ̀ máa ń wà láàrin ìgbà tí ẹsẹ̀ sọ̀rọ̀ àti ìgbà tí ọkọ̀ dáhùn. Nínú GT3, kò sí alágbàsọ láàrin àwọn méjèèjì. Sìlíńdà mẹ́fà, tórótù mẹ́fà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹnu ọ̀nà atẹ́gùn tirẹ̀ nítòsí fáàfù rẹ̀, ìyẹn ìlẹ̀kùn tó ń ṣí tó sì ń padé fún atẹ́gùn. Tápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gan-an ya mí lẹ́nu. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, a máa ń fi fílà géèjì wọn àyè tápẹ́ẹ̀tì Píjò 504, lẹ́yìn náà ni ẹ́ńjìnnì tó ń fi ọ́ìlì dí àyè náà fúnra rẹ̀ gbòde, tí a sì gbàgbé fílà géèjì. GT3 yọ ti ọlọ́ìlì kúrò pátápátá, nítorí pé ó ń dá kún ìwúwo ohun tó ń lọ sókè sódò, ìwúwo kékeré kì í sì í ṣe kékeré mọ́ ní orí 9,000. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi wọn àyè náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ilé iṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì ní tún un ṣe mọ́.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, Alájì ní kí n wá, wọ́n sì kó kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. A gba ojú ọ̀nà Sàgámù. Jíà mẹ́fà olọ́wọ́ ni, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ le díẹ̀. Lábẹ́ 4,000 jẹ́jẹ́ ló ń lọ, kódà ẹni tó ti mọ́ lára láti máa wa jíìpù tọ́bò lè rò pé kò lágbára. Mo dúró kí ojú ọ̀nà ṣófo tán, mo wà ní jíà kìíní, mo sì tẹ̀ ẹ́ ní àtẹ̀tán. Ní 5,000 ohùn rẹ̀ kún. Ní 6,000 ó yí padà, ó ń dún bí irin tí wọ́n ń fà lórí irin. Mo ti fẹ́ pààrọ̀ jíà nígbà náà, torí pé gbogbo ẹ́ńjìnnì tí mo mọ̀ láyé mi á ti máa bẹ̀bẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n Alájì ní, “Ẹ má tíì pààrọ̀ ẹ o.” Láti 7,000 lọ, ohùn náà tinrin, ó mọ́ gaara, ó ń gòkè síi, n kò sì gbọ́ ohun kan tó ń jà nínú rẹ̀. Nígbà tó kan 9,000, eré wa kò tíì ju nǹkan bí 80 kìlómítà ní wákàtí kan lọ. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò, ọwọ́ géèjì sì wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní Ojúde Ọba ọjọ́ méjì ṣáájú, mo rí ẹlẹ́ṣin kan tó kàn yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀ lórí ìjánu, ẹṣin náà sì ti yí padà kí ojú mi tó rí i. Bí tórótù yìí ṣe rí nìyẹn.

Kì í ṣe gbogbo agbára rẹ̀ ni mo rí, mo mọ̀. Ìfúnpọ̀ inú sìlíńdà rẹ̀ jẹ́ 13.3 sí 1, epo tó ní òkìtènì 98 ló ń fẹ́ (òkìtènì ni ìwọ̀n bí epo ṣe lè fara da ìfúnpọ̀ kí ó má baà gbiná ṣáájú àkókò), epo bẹntiróòlù tiwa kò sì dé ibẹ̀. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń gbọ́ bí iná bá fẹ́ kàn lódì, á sì fa àkókò iná pílọ́ọ̀gì sẹ́yìn kí písítìn má baà jìyà. Mo sọ fún Alájì pé kí wọ́n má máa fi epo ojú ọ̀nà tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ yẹn lemọ́lemọ́.

Ìbéèrè kan ṣẹ́kù lọ́kàn mi, mo sì fẹ́ kí ẹni tó ti bá irú ọkọ̀ yìí dé pápá gidi dá mi lóhùn. Bí ó bá ń já kọ́nà pẹ̀lú agbára tó tó bẹ́ẹ̀, kí ló ń dá ọ́ìlì dúró kí ó má baà sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí àwọn irin tó wà lókè sì máa gbẹ?

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ kan:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ Rẹ́mọ ni mí, Jámánì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀rẹ́ mi kan sì gbé mi sínú GT3 rẹ̀ lọ sí Nürburgring, pápá ìdíje ọkọ̀ kan níbí. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ẹnikẹ́ni lè san owó ní ẹnu ọ̀nà bíi ti tóògéètì àtijọ́ ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, kí ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ wọlé. Ó ju 20 kìlómítà lọ yíká, kọ́nà rẹ̀ ju 70 lọ, ó sì ń gun òkè ó ń sọ̀ kalẹ̀ bí ọ̀nà oko. Lars Kern, awakọ̀ tó ń dán ọkọ̀ wò fún Porsche, fi GT3 ti 2021 parí rẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú 6 àti ìṣẹ́jú àáyá 59.927. Àwa kò sún mọ́ ibẹ̀ rárá, síbẹ̀ ọrùn dùn mí fún ọjọ́ mẹ́ta.

Lórí ìbéèrè yín, ọ́ìlì kì í jókòó sí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì náà. Ó ní táǹkì tirẹ̀ lọ́tọ̀, pọ́ǹpù ló ń fa èyí tó bá ṣàn wálẹ̀ padà sí táǹkì náà, òmíràn á sì tún máa ti í lọ síbi tó yẹ. Kọ́nà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Karussell, kọnkéré tó dagun bí ìdí àwo. Bí ọkọ̀ bá bọ́ sínú rẹ̀, gbogbo ara ni yóò wúwo sápá kan, ọ́ìlì kò sì rí ibi sá lọ.

Ẹ́ńjìnnì tó wà lẹ́yìn yẹn sì wúlò jù lójú tèmi nígbà tí a bá ń jáde kúrò nínú kọ́nà. Ìwúwo rẹ̀ ń tẹ táyà ẹ̀yìn mọ́ ilẹ̀, nítorí náà ọ̀rẹ́ mi lè tẹ tórótù ṣáájú ìgbà tí mo rò pé ó bọ́gbọ́n mu. Ní ibi ìwọlé kọ́nà, ó máa ń tẹ bíréèkì pẹ́ díẹ̀ kí iwájú lè wúwo tó láti yí. Táyà ẹ̀yìn náà ń yí díẹ̀: bí eré bá kéré, ó ń kọjú sí òdìkejì ti iwájú; bí eré bá pọ̀, wọ́n jọ ń kọjú síbì kan náà. Ara mi mọ̀ ọ́n kí ọ̀rẹ́ mi tó ṣàlàyé rẹ̀.

Bí Alájì bá tún gbé e wá, ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe wá dípsítíìkì kiri, kò ní. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, kí ó ṣì máa ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ẹ wá wo ìwọ̀n ọ́ìlì lójú dáṣíbọ́ọ̀dù.