Ṣé kí n ta gìtá àti áńpù mi ni àbí kí n tọ́jú wọn?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Kubwa l'Ábújá ni mò ń gbé, mo ti fi ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀, kò sí ìjà kankan o, eré àṣemọ́jú ní Wuse àti Garki yẹn ló sú mi, ilẹ̀ á tún mọ́ téèyàn á sáré lọ síbi iṣẹ́. Báàsì gìtá, áńpù ńlá kan (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè) àti kíbọ́ọ̀dù Yamaha ló kún yàrá báyìí, ìyàwó mi ní ṣé àwọn náà á máa bá wa san rẹ́ǹtì ni 😂

Ọyẹ́ ibí ló ń bà mí lẹ́rù jù, eruku ẹ̀ ti wọ inú kíbọ́ọ̀dù, àwọn bọ́tìnnì kan lára ẹ̀ kì í dún àfi téèyàn bá tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀, ọrùn gìtá náà sì ti ń tẹ̀ torí igi máa ń gbẹ lásìkò yìí. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ àmọ́ owó tó dá lé e, ìwọ̀sí ni. Èmi rò pé kí áńpù máa lọ, ó wúwo bí òjé, kí gìtá dúró.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ta tiyín, ṣé ẹ ò kábàámọ̀? Tí mo bá sì máa gbé gìtá yẹn pamọ́, ṣé kí n dẹ okùn ẹ̀ díẹ̀ ni?