Bésíbọ́ọ̀lù ọmọ ní Houston: ẹgbẹ́ àdúgbò ni àbí travel ball?

Bàbá Ìbejì, Òkè-Fìà

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin wà lọ́dọ̀ àbúrò mi obìnrin ní Houston. Ibẹ̀ la bí i sí, ṣùgbọ́n Òṣogbo níbí ló ti kàwé títí ó fi parí JSS3 kó tó padà lọ. Wọ́n ní kó tún bẹ̀rẹ̀ láti grade 9, ìyẹn ló ń ṣe lọ́wọ́. Ọmọ ọdún 15 ni. Pitcher ni, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹni tó fẹ́ gbá a, nínú ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù àdúgbò wọn. Bí catcher wọn, ẹni tó ń hán bọ́ọ̀lù náà, kò bá wá, òun náà ni wọ́n ń fi síbẹ̀. Ní báyìí, ẹgbẹ́ kan tó ń ti ìlú dé ìlú gbá ìdíje ní kó wá bá àwọn. Owó tí wọ́n dá lé e, láì tíì ka hòtẹ́ẹ̀lì àti epo mọ́ ọn, bí mo ṣe ṣẹ́ ẹ sí náírà, ó ju owó ilé ìwé àwọn ìbejì lọ. Wọ́n ní bí kò bá ṣe travel ball, kò sí yunifásítì tó máa rí i. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́?

Kóòṣì Ìlú Aró

Ẹ kú ìnáwó ọmọ, Bàbá Ìbejì. Òótọ́ kan wà níbẹ̀: kóòṣì yunifásítì kì í sábà wá wo ẹgbẹ́ àdúgbò. Láti February títí wọ May, ẹgbẹ́ tirẹ̀ ló ń bá kiri, àsìkò yẹn gan-an sì ni ilé ìwé girama ń gbá tiwọn. Họlidé gígùn ló ń ráyè, ibi tó ti lè wo ọ̀pọ̀ ọmọ lójú kan náà ló sì máa ń gbà lọ, bíi LakePoint ní Georgia, níbi tí pápá to lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àwọn ẹgbẹ́ travel ló kún ibẹ̀.

Ohun tí wọn ò sọ fún yín ni àsìkò. Òfin NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì ní Amẹ́ríkà, kò gba kóòṣì Division I, ìpele tó ga jù nínú mẹ́ta tí wọ́n pín yunifásítì sí, láyè láti bá ọmọ tó ń gbá bésíbọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀ pé òun fẹ́ mú un, títí di August 1 tó ṣáájú grade 11. Ẹ fi oṣù ọdún Ọ̀ṣun sàmì sí i, ẹ ò ní gbàgbé. Ti Division II bẹ̀rẹ̀ ní June 15 ọdún kan náà. Wọ́n lè wò ó ṣáájú, kí wọ́n sì fi ìwé camp, ìyẹn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ eré ọlọ́jọ́ díẹ̀, ránṣẹ́ sí i, àmọ́ ìwé camp kì í ṣe ìpè, àìmọye ọmọ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí. Nítorí náà, ẹni tó bá ń gbowó lórí ọmọ grade 9 pé kóòṣì ti ń béèrè rẹ̀, ẹ ní kó dárúkọ kóòṣì náà. Owó ńlá, ẹ tọ́jú rẹ̀ de họlidé tó tẹ̀ lé grade 10 àti èyí tó tẹ̀ lé grade 11.

Bó bá wá yá tí ẹ fẹ́ san án, kí àǹtí ọmọ kọ́kọ́ béèrè iye pitcher tó wà nínú ẹgbẹ́ náà. Ẹgbẹ́ tó kó ọmọ 24 jọ, tí 14 nínú wọn ń ju bọ́ọ̀lù, owó àwọn tó jókòó ló fi ń gbé àwọn mẹ́ta tó mọ̀ ọ́n jù káàkiri. Kó gba orúkọ àwọn tó jáde ní èṣí àti ilé ìwé tí wọ́n wà, kó ṣí wẹ́ẹ̀bù ilé ìwé náà, kó wò ó bóyá wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ lóòótọ́. Kó sì béèrè bóyá owó ń padà bí ọmọ bá fara pa.

Bat, ọ̀pá tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù, ńkọ́? Bí kì í bá ṣe igi lódidi, ilé ìwé girama kò gba èyí tí kò ní òǹtẹ̀ BBCOR .50, tó ń fi hàn pé bat náà kì í ta bọ́ọ̀lù jù, ìwọ̀n rẹ̀ ní ounce kò sì gbọdọ̀ fi ju mẹ́ta lọ dín sí gígùn rẹ̀ ní inch: bat 33, ó kéré tán, 30 ni. Èyí tó ní òǹtẹ̀ USSSA, àjọ kan tó ń ṣètò ìdíje, nìkan, ìdíje travel ló wà fún. Ẹni tí kò bá wo òǹtẹ̀ á ra bat méjì.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́, Ògo-Olúwa

Apá ọmọ yẹn ni ẹ kọ́kọ́ tọ́jú o. Pitcher tó tún ń ṣe catcher, ìjàǹbá nìyẹn. Catcher ń dá bọ́ọ̀lù padà fún pitcher ní gbogbo ìgbà, apá kan náà ló ń fi ṣe é. Kó má ṣe méjèèjì lọ́jọ́ kan.

Ìlànà Pitch Smart lórí ìtọ́jú apá pitcher, tí MLB (líìgì bésíbọ́ọ̀lù ńlá Amẹ́ríkà) àti àjọ USA Baseball gbé jáde, ni kí wọ́n tẹ̀ lé. Ọmọ ọdún 15 sí 16 kò gbọdọ̀ ju bọ́ọ̀lù ju ìgbà 95 lọ lójúmọ́. Bó bá ti ju 76 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìsinmi ọjọ́ mẹ́rin ló tọ́ sí i. Ìdíje travel ń bẹ̀rẹ̀ ní Friday, ó ń parí ní Sunday. Ẹni tó ju 80 ní Friday, Wednesday ló tó lè tún jù, ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ bá wọ àṣekágbá, wọ́n á ní kó ṣáà wá fi bọ́ọ̀lù díẹ̀ kún un. Bó bá tún wà nínú ẹgbẹ́ méjì, tirẹ̀ nìkan ni kóòṣì kọ̀ọ̀kan ń kà. Kí àǹtí rẹ̀ ní ìwé kékeré lọ́wọ́, kó kọ ọjọ́, iye tó jù, àti ẹgbẹ́ tó jù ú fún.

Ibi tó ń bàjẹ́ ni iṣan inú ìgbọ̀nwọ́. Bí ìrora bá wà níhà inú ìgbọ̀nwọ́, tí bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í fò lókè, tí eré rẹ̀ sì ń dín, kó dúró lójú ẹsẹ̀. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń pè ní Tommy John lè gbà ju ọdún kan lọ kó tó padà sórí pápá. Lọ́dọọdún, oṣù mẹ́rin ni kò gbọdọ̀ ṣe pitcher rárá, kó má tilẹ̀ fi apá ju nǹkankan fún oṣù méjì sí mẹ́ta nínú rẹ̀.

Ọmọ Àrẹ

Mi ò bá Kóòṣì lọ pátápátá. Lọ́mọ ọdún 15, àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá ti kúrò nínú ẹgbẹ́ àdúgbò, ta ni ọmọ náà á wá jùmọ̀ dánra wò? Àárín méjì wà: ẹgbẹ́ travel tí kì í kúrò ní Houston. Ìdíje pọ̀ nínú ìlú náà, kò sí hòtẹ́ẹ̀lì. Astros Youth Academy, ti Astros, ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù ńlá Houston, tó wà níbẹ̀ náà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń kọ́ ọmọ.

Fídíò ìṣẹ́jú méjì ti tó láti fi ránṣẹ́ sí kóòṣì yunifásítì: kí wọ́n yà á láti ẹ̀yìn catcher àti láti ẹ̀gbẹ́ tí àyà rẹ̀ kọ sí, kí iye tí ẹ̀rọ radar tó ń wọn eré bọ́ọ̀lù kà hàn, kí ọdún tó máa jáde, gíga rẹ̀ àti GPA rẹ̀ (ìpíndọ́gba máàkì rẹ̀) wà níbẹ̀rẹ̀.

Akọ̀wé Òkè-Baálẹ̀

Gbogbo yín fo ọ̀rọ̀ tó le jù. JSS3 ni NCAA ń kà sí grade 9. Division I fẹ́ kí ọmọ parí core course 16, ìyẹn àwọn ẹ̀kọ́ pàtàkì bí Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò, láàárín ọdún mẹ́rin tó bẹ̀rẹ̀ grade 9, kí 10 nínú rẹ̀ ti parí kí ọdún kẹrin tó bẹ̀rẹ̀, kí GPA má dín sí 2.3. Ọmọ tó ṣe JSS3 ní Òṣogbo tó tún bẹ̀rẹ̀ grade 9 ní Houston, ọdún mẹ́rin rẹ̀ lè pé níparí grade 11, kí wọ́n má sì ka èyí tó ṣe ní grade 12. Travel ball kò lè tún ìyẹn ṣe.

UIL tó ń darí eré ìdárayá ilé ìwé ní Texas náà máa ń wo ibi tí òbí ń gbé. Ọmọ tó wà lọ́dọ̀ àǹtí lè má lẹ́tọ̀ọ́ sí varsity, ẹgbẹ́ àgbà ilé ìwé, láìgba ìyọ̀ǹda. Kí wọ́n béèrè ní ọ́fíìsì eré ìdárayá ilé ìwé kí àsìkò tó dé.

Bàbá Ìbejì, Òkè-Fìà

Háà! Ṣé ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn?

Akọ̀wé Òkè-Baálẹ̀

Rárá o. Àwọn core course JSS3 rẹ̀ náà lè wọlé fún un, ó sì lè fi summer school ṣe àwọn mìíràn ṣáájú grade 12. Division II máa ń ka èyí tó parí kó tó wọ yunifásítì. Junior college, ilé ìwé gíga ọlọ́dún méjì, tún wà, ìwé ẹ̀rí girama ló ń béèrè. San Jacinto tó wà lẹ́bàá Houston níbẹ̀ gbajúmọ̀ nínú bésíbọ́ọ̀lù. Division III kì í fún ọmọ lówó nítorí eré ìdárayá, máàkì àti ipò òbí ló ń wò. Ní Division I gan-an, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń gba ìdajì tàbí ìdá mẹ́rin owó, nítorí náà kí ó mú ìwé ní pàtàkì.

Ẹ lọ sí ilé ìwé rẹ̀ àtijọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ gba èsì tẹ́ẹ̀mù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta JSS3, kí ọ̀gá àgbà fọwọ́ sí i, kí wọ́n lu òǹtẹ̀, kí orúkọ àti ọjọ́ ìbí bá ti ìwé ìrìnnà rẹ̀ mu. Bí wọ́n bá ti gba họlidé, ẹni tó ń mú kọ́kọ́rọ́ yàrá fáìlì lè má sí nítòsí mọ́.