Èdè Nọ́wè: “ìrinlẹ̀” ni mo fara mọ́, kì í ṣe “ohùn òkè”

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò. Ẹni tó túmọ̀ ẹ̀kọ́ èdè Nọ́wè fún wa kọ ọ́ pé, nínú ọ̀rọ̀ àkànpọ̀ (ọ̀rọ̀ méjì tí a so pọ̀ di ọ̀kan), ọ̀rọ̀ iwájú ló ń gba “ohùn òkè”. Ohun tí òyìnbó ń pè ní stress ni wọ́n ń wí, ìyẹn bí sílébù kan ṣe ń hàn ketekete ju ìyókù lọ nínú ọ̀rọ̀. Mo kí wọn kú iṣẹ́, àmọ́ n kò lè fara mọ́ ohùn òkè yẹn.

Èdè Nọ́wè ní ohùn tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ wo bønder (àwọn àgbẹ̀) àti bønner (ẹ̀wà). Lẹ́nu ará Oslo, olú ìlú Nọ́wè, ìró kan náà ni méjèèjì, ohùn nìkan ló yà wọ́n. Sílébù àkọ́kọ́ ni stress sì wà nínú àwọn méjèèjì. Bí ará Oslo bá pe bønder, ìsàlẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ lórí sílébù yẹn kó tó gòkè; ará Bergen, ìlú mìíràn ní Nọ́wè, ń ti òkè bọ̀ wálẹ̀ ní tirẹ̀. Tí a bá wá pè é ní ohùn òkè, irọ́ la pa mọ́ ará Oslo.

Ẹlòmíràn dábàá “ìtẹnumọ́”. Ó sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Èyí kì í ṣe àmọ̀ọ́mọ̀ṣe. Bí wọ́n ṣe bí ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

“Ìrinlẹ̀” ni tèmi. A máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnìkan rinlẹ̀, a kò sì ní in lọ́kàn pé ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó tún bá ìṣe èdè náà mu, torí sílébù tó rinlẹ̀ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fà gùn: fáwẹ̀lì ló gùn nínú tak (òrùlé), kọ́ńsónáǹtì ló gùn nínú takk (ẹ ṣé). Nínú àkànpọ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, ti iwájú á gba ìrinlẹ̀ àgbà, ti ẹ̀yìn á gba ìrinlẹ̀ àbúrò.

Lammelår, itan ọ̀dọ́ àgùntàn, ni àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù. Ìrinlẹ̀ àgbà kan ṣoṣo ló ní, ó wà lórí lam. Ẹ wá là á sí méjì, lamme lår, kí lår náà ní ìrinlẹ̀ àgbà tirẹ̀: ó ti di àwọn itan tó rọ. Ẹ ò rí i pé ó jọ ẹranko àti ẹran oko tiwa?

Ó ku pínpín sílébù. Atúmọ̀ wa pín nattog, ọkọ̀ ojú irin òru, sí na-ttog. Kò rí bẹ́ẹ̀. Natt (òru) àti tog (ọkọ̀ ojú irin) ni àwọn ará Nọ́wè kàn pọ̀, ṣùgbọ́n àkọtọ́ wọn kì í gba kọ́ńsónáǹtì kan náà lẹ́ẹ̀mẹta léra, ni wọ́n fi yọ t kan. Tí ìlà bá tán láàárín ọ̀rọ̀ náà, natt-tog ni wọ́n ń kọ. T tí wọ́n yọ á padà, bí o iwájú oko ṣe ń padà tí a bá tú ẹranko palẹ̀.