Ọ̀nà Wàrà ò dé Kétu

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ṣùgbọ́n "Ọ̀nà Wàrà" tẹ́ ẹ ní ká máa pe Voie lactée yẹn, ìlà funfun tó máa ń nà kọjá ojú ọ̀run lóru, etí mi ò gbà á. Mo dán an wò lára tàntí mi ní Kétu nílẹ̀ Benin níbí, mo ní ẹ wo Ọ̀nà Wàrà lókè, wọ́n ní ṣé ọ̀nà táwọn obìnrin Fúlàní ń gbé wàrà gbà wá sọ́jà ni. Ẹjọ́ wọn kọ́. Gíríìkì ló ni ọ̀rọ̀ wàrà yẹn, gala ni wọ́n ń pe wàrà, ibẹ̀ ni galaxie ti jáde, Faransé wá gbà á, àwa náà tún fẹ́ lọ gbà á lọ́wọ́ Faransé. Àwọn ará Ṣáínà tiẹ̀ ń pe tiwọn ní odò fàdákà.

Ohun tí mo fojú ara mi rí rèé: oṣù karùn-ún ni, òjò ti fọ eruku ojú ọ̀run, kò sí òṣùpá, kúrán ti lọ, mo jáde sẹ́yìnkùlé láago méjì òru, mo rí i tó nà láti gúúsù gba òkè ilé wa lọ sápá àríwá, ó funfun bàìbàì bí ọ̀já ìpọnmọ tó ti gbó, àárín ẹ̀ dà bí ibi tó ya, ó dúdú. Eruku ló dí ìràwọ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ o, ibẹ̀ ò ṣófo. Ọ̀já Ọ̀run lèmi pè é. Ìràwọ̀ náà sì ni gbogbo funfun yẹn, Galileo ará Ítálì ti fi awò awọ̀nà-jíjìn rí i, ó kọ ọ́ síwèé lọ́dún 1610.

Gàlásì (galaxie) fúnra ẹ̀, ìyẹn ogunlọ́gọ̀ ìràwọ̀ tó wà pa pọ̀, tún yàtọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi "ìṣùpọ̀" sílẹ̀ fún amas, ìràwọ̀ díẹ̀ tó ṣù jọ nínú gàlásì, mo fara mọ́ "agbo ìràwọ̀" fún gàlásì, torí agbo ijó ló jọ: nínú tiwa, ìràwọ̀ bílíọ̀nù 100 ó kéré tán ń yí po, oòrùn wa wà níbẹ̀, ó ń lò tó mílíọ̀nù 230 ọdún kó tó yí i ká lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó sì wà nínú agbo ò lè rí agbo bó ṣe rí látòkè, orí èèyàn ló máa rí tó tò yí i ká, ìyẹn náà ló fi dà bí ọ̀já lójú wa.

Ìṣòro ẹ̀ kan ṣoṣo ni pé àwa tá ò kì í fi àmì sí nǹkan lórí fóònù, ẹlòmíì á kà á sí àgbo ìràwọ̀, tàntí mi á sì ní àìsàn wo ló ń wò.