Ihò inú perovskite mi ń dí: ṣé PMMA ni kí n fi dá ihò sí i, àbí silica?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Abẹ́òkúta ni mo wà. LaCoO₃ oníhò ni mo fẹ́ ṣe, ìyẹn perovskite (irú kírísítálì kan) tí ó ní lanthanum, cobalt àti ọ́síjìn nínú, kí ó lè mú kí ọ́síjìn yára jáde láti ara omi tí a po KOH (potassium hydroxide) mọ́. Mo po iyọ̀ lanthanum àti ti cobalt mọ́ citric acid, mo sè é títí ó fi ki bí ògì, mo wá sun ún ní 700 °C. Perovskite jáde lóòótọ́, àmọ́ ihò ti dí, eruku dúdú náà sì lẹ̀ mọ́ra gbagidi. Ní 500 °C, ihò wà, ṣùgbọ́n XRD (àyẹ̀wò X-ray tí ó ń sọ irú kírísítálì tó wà níbẹ̀) ṣì ń fi La₂O₃ hàn, ìyẹn lanthanum tí kò tíì di perovskite. Mo fẹ́ fi èròjà kan di ààyè ihò náà mú nígbà tí mo bá ń sun ún, kí n sì yọ ọ́ kúrò. Mo ti ro ti silica (èròjà inú yanrìn), àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí pé NaOH (caustic soda) lè má fọ̀ ọ́ kúrò tán. PMMA (irú ike kan) máa jóná lọ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè tètè rọ̀. Èwo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀? Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an. Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀; mo dúpẹ́ kí ẹ tó dáhùn.